Orí Keje: Fọ́wọ́ọ̀dù Tó Ń Darí Eré

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ẹni kúkurú tó yára, tí bọ́ọ̀lù kì í já mọ́ lọ́wọ́, ni wọ́n ń fi ṣe gáàdì: òun ló ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn, òun ló ń pín in fún àwọn yòókù. Ẹni gíga ni wọ́n ń fi sí abẹ́ àwọ̀n, kó máa já bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin gbà, kó sì máa dá a padà sókè. Orí yìí dá lórí àwọn tí ọwọ́ wọn tó pẹpẹ, tó sì tún wọ akèrègbè, ìyẹn fọ́wọ́ọ̀dù tí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbé ìdarí eré lé lọ́wọ́.

Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ipò márààrún. Ẹni kìíní ni pọ́ìǹtì gáàdì, ẹni kejì ni gáàdì tó ń jù láti òkèèrè, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin ni fọ́wọ́ọ̀dù, ẹni karùn-ún ni sẹ́ńtà. Kò sí ibì kankan nínú òfin eré tó ní ẹni kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni kúkurú, tàbí pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín pápá. Ohun tí òfin bìkítà fún ni pé kí ẹgbẹ́ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà náà kí ìṣẹ́jú àáyá 8 tó pé, kí wọ́n sì jù ú sí àwọ̀n kí 24 tó pé. Èyí tó kù, àṣà ni.

Milwaukee, ọdún 1984

Àìní ló fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks wà ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ nínú líìgì NBA ní Amẹ́ríkà, ìpalára sì ti bá àwọn gáàdì wọn. Don Nelson tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ní kí Marques Johnson, tó jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù, máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ kó sì máa to àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sípò. Johnson fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun lòun sọ iṣẹ́ náà lórúkọ: bí òun kì í bá ṣe pọ́ìǹtì gáàdì, a jẹ́ pé pọ́ìǹtì fọ́wọ́ọ̀dù lòun. Àwọn kan ń bá a du orúkọ yẹn. N kò ní bá wọn dá ẹjọ́ náà.

Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, Johnson ti kúrò ní Milwaukee. Paul Pressey ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ bí ẹni àkọ́kọ́ tó fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní sáà 1985 sí 1986, àsísìtì rẹ̀ lé ní 7 nínú eré kọ̀ọ̀kan. Àsísìtì ni bọ́ọ̀lù tí ènìyàn gbé fún ẹlòmíràn tí onítọ̀hún sì jù sáwọ̀n lójú ẹsẹ̀. Fún fọ́wọ́ọ̀dù ayé ìgbà náà, 7 kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà kó tó ní orúkọ. Ní sáà 1974 sí 1975, fọ́wọ́ọ̀dù ni Rick Barry ní Golden State Warriors, síbẹ̀ òun ló ju bọ́ọ̀lù wọlé jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì tún pín in fúnni jù. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 1975, wọ́n na Washington Bullets ní 4 sí òdo. Larry Bird tẹ̀ lé e ní Boston. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni gíga rẹ̀, ó sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù fún ènìyàn ní ibi tí ẹni náà kò tíì mọ̀ pé òun ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo

Alátakò ju bọ́ọ̀lù, kò wọlé, ó ta lára irin. Nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe é bíi ti àtijọ́, ẹni gíga fò, ó gbà á, ó balẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gáàdì rẹ̀ kiri. Gáàdì náà ní láti sún mọ́ ọn kó tó lè rí i gbà, kó tó wá yí ojú sí iwájú. Láàárín àkókò yẹn, àwọn alátakò ti sá padà sílé, oníkálukú ti mú ẹni tó yẹ kó ṣọ́. Ilẹ̀kùn ti tì.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fò gba bọ́ọ̀lù náà lè lù ú mọ́lẹ̀ kó sì máa sáré lọ, kò sí pé à ń wá ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ ló ti ń lọ. Àwọn mẹ́rin yòókù náà mọ̀ pé kò sí ìdí fún àwọn láti dúró dè é, wọ́n ti tú ká sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pápá. Àwọn alátakò ń sá padà pẹ̀lú ojú lẹ́yìn, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló gbọ́dọ̀ kò ó, ì báà jẹ́ gáàdì kékeré tó fi orí kan àyà rẹ̀, ì báà jẹ́ sẹ́ńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Nínú méjèèjì, èrè ni fún ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, ìdí tó tóbi jù lọ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi lè ronú nípa fọ́wọ́ọ̀dù adarí-eré nìyí. Bó ṣe ń ríran kọjá orí ènìyàn dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ló wà.

Ìríran náà ní tirẹ̀ láti sọ. Gáàdì kúkurú tí ẹni méjì bá rọ́ lù, àárín apá àti itan wọn ni yóò ti máa wá ihò. Ẹni tó ga ju wọn lọ lè gbé bọ́ọ̀lù sókè orí kó sì fi ránṣẹ́ sí igun pápá lódìkejì, níbi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá dúró. Bí a bá fi gáàdì tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mọ́ sí igun yẹn, tí ojú rẹ̀ sì là láti òkèèrè, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà rí. Wọ́n máa ń rò pé tí fọ́wọ́ọ̀dù bá gba iṣẹ́ gáàdì, gáàdì ti di aláìníṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ yí padà ni, ó sì lè dùn ún ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò sí ohun tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ọwọ́ ẹni gíga jìnnà sí ilẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó padà wá bá a, gáàdì alátakò tó bá yára yóò sì fẹ́ já a gbà níbẹ̀. Ẹni tó ń fò gba bọ́ọ̀lù, tó ń bá àwọn òmìrán tì lábẹ́ àwọ̀n, tó tún ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá pápá ọlọ́mítà 28 ní gbogbo ìgbà, yóò rẹ̀ ẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì lè jù láti òkèèrè, ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò fà sẹ́yìn, yóò dúró dè é lójú ọ̀nà àwọ̀n. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti kàgbákò.

Láti Chicago dé Golden State

Scottie Pippen kò ga nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Gáàdì ni wọ́n fi í ṣe. Nígbà tó dé Yunifásítì Central Arkansas, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ni pé kó máa bójú tó ohun èlò ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló ta sókè bí ọ̀pẹ, tó fi di fọ́wọ́ọ̀dù tí Chicago Bulls gbà lọ́dún 1987. Gíga ara ló dé bá a. Ọgbọ́n gáàdì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní Chicago, Phil Jackson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Tex Winter tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló sì mú ètò onígun mẹ́ta wá. Ẹni mẹ́ta á dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bí igun mẹ́ta, ẹni méjì á wà lódìkejì. Ohun tí alátakò bá ṣe ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ètò yìí kò nílò gáàdì tó máa mú bọ́ọ̀lù dání fún ìgbà pípẹ́. John Paxson, àti Steve Kerr tó dé lẹ́yìn rẹ̀, a máa dúró síbi tó yẹ kí wọ́n dúró, wọ́n a sì jù ú nígbà tó bá dé. Pippen ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Michael Jordan ló gba gbogbo ìyìn, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n nínú ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà tí wọ́n gbà láàárín ọdún 1991 sí 1998, ọwọ́ Pippen ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń ṣẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà lára rẹ̀: nínú àṣekágbá ọdún 1991, òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ Magic Johnson ti Los Angeles Lakers, tó jẹ́ gáàdì tó ga bíi fọ́wọ́ọ̀dù. Fọ́wọ́ọ̀dù tó mọ iṣẹ́ gáàdì mọ bó ṣe lè dí gáàdì lọ́wọ́.

Grant Hill ṣe irú rẹ̀ ní Detroit kí ìpalára tó dá a dúró. LeBron James ni ó sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé ń lá lálàá rẹ̀. Ní sáà 2019 sí 2020, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 35, òun ló ní àsísìtì tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo NBA, 10.2 nínú eré kọ̀ọ̀kan, Lakers sì gba ife-ẹ̀yẹ. Lórí ìwé sáà náà, gáàdì ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé nìkan kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Steve Kerr tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di akọ́nimọ̀ọ́gbá Golden State lọ́dún 2014. Ohun tó ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò ó. Stephen Curry, gáàdì, ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Draymond Green, fọ́wọ́ọ̀dù tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6 lọ, á jáde wá dúró bí ògiri sójú ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ Curry. Ẹ̀rù Curry a máa ba àwọn alátakò débi pé méjì nínú wọn á rọ́ lù ú. Lójú ẹsẹ̀, Curry á sọ bọ́ọ̀lù sí Green, tó ti yí padà dé agbègbè ìlà bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ẹ ka àwọn tó kù níwájú Curry: mẹ́rin ti Golden State, mẹ́ta ti alátakò. Bí sẹ́ńtà alátakò bá jáde sí i, á ju bọ́ọ̀lù sókè fún ẹni tó wà lábẹ́ àwọ̀n. Bí sẹ́ńtà kò bá jáde, á wọlé fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó wà ní igun bá sá wá ràn án lọ́wọ́, igun yẹn ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ní sáà 2015 sí 2016, àsísìtì Green jẹ́ 7.4 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ó sì lé ní ti Curry fúnra rẹ̀.

Níbí ni a ti gbọ́dọ̀ pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Iṣẹ́ kan ni láti bẹ̀rẹ̀ eré, iṣẹ́ mìíràn ni láti ṣe ìpinnu tó ń tú ògiri alátakò ká. Curry ń bẹ̀rẹ̀, Green ń pinnu. Pressey ń ṣe méjèèjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní òun fẹ́ fi fọ́wọ́ọ̀dù darí eré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn pé èwo nínú méjèèjì lòun ń sọ.

Adétòkunbọ̀ ní Milwaukee

Ìlú tí orúkọ iṣẹ́ yìí ti wá náà ni ó tún gbé e dé ibi tó ga jù, ọmọ tó sì ṣe é, orúkọ wa ló ń jẹ́. Giannis Antetokounmpo ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n bí i ní Athens, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1994. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé bàbá, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ni àwọn Gíríìkì fi ń kọ ìró «d», lẹ́tà méjì náà ni wọ́n sì fi ń kọ ìró «b». Nígbà tí wọ́n wá tún un dà padà sí lẹ́tà Látìnì, «d» di «nt», «b» di «mp», adé sì fara sin sínú orúkọ. Bí ẹ bá kà á pẹ̀lú etí Yorùbá, ẹ ó gbọ́ ọ.

Bucks mú un lọ́dún 2013 ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó dé, kò tíì dàgbà tán. Gíga rẹ̀ ń lékún títí tó fi kan ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11. Ní apá ìparí sáà 2015 sí 2016, Jason Kidd tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ pé kó máa darí eré. Kidd fúnra rẹ̀ wà lára àwọn pọ́ìǹtì gáàdì tó mòye jù lọ nínú ìtàn eré náà, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn á sọ pé kò mọ ohun tí gáàdì ń ṣe. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Antetokounmpo wà lára ẹni 20 àkọ́kọ́ ní líìgì nínú àpapọ̀ àmì, bọ́ọ̀lù tó gbà nígbà tó ta padà, àsísìtì, bọ́ọ̀lù tó jí gbà, àti èyí tó dí lójú òfuurufú. Kò sí ẹni tó ṣe márààrún pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Mike Budenholzer gba iṣẹ́ lọ́dún 2018. Ó fi àwọn tó lè jù láti òkèèrè yí i ká. Kódà Brook Lopez tó jẹ́ sẹ́ńtà jáde kúrò lábẹ́ àwọ̀n lọ dúró sẹ́yìn ìlà alámì mẹ́ta. Àárín pápá ṣófo bí ọjà tó ti tú. Antetokounmpo á sì gba bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, á fi ìgbésẹ̀ gígùn mẹ́rin tàbí márùn-ún dé abẹ́ àwọ̀n. Wọ́n borí nínú eré 60 ní sáà yẹn, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ lọ́dún 2019 àti 2020.

Ìgbà tí wọ́n dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ ni ọ̀rọ̀ yí. Lọ́dún 2019, Bucks na Toronto Raptors lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, Toronto sì na àwọn náà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Wọ́n fi Kawhi Leonard sí iwájú Antetokounmpo, wọ́n sì to àwọn yòókù jọ sẹ́yìn Leonard bí ìgànná. Níwọ̀n bí kò ti lè jù láti òkèèrè dáadáa, wọ́n jẹ́ kó wo àwọ̀n lókèèrè. Lọ́dún 2020, Miami Heat kọ́ ìgànná kan náà, wọ́n sì na Bucks ní 4 sí 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ tó dùn ún ni kò jẹ́ kó gbá eré ìkẹyìn. Ẹni tó dúró láàárín ìgànná Miami ni Bam Adebayo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí Fẹ́mi sì wà lára orúkọ rẹ̀. Adébáyọ̀ ń dí Adétòkunbọ̀ lọ́nà ní Florida! Adebayo náà kì í sì í ṣe ẹni tó ń dínà nìkan. Nígbà náà, ó máa ń gba bọ́ọ̀lù ní igun ìlà bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Duncan Robinson á sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé, á sì jù ú. Ìdarí eré láti ọwọ́ ẹni gíga ni ìyẹn náà, láìfi bọ́ọ̀lù sáré rárá.

Ohun tí Bucks wá ṣe ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nínú orí yìí. Wọn kò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Antetokounmpo pátápátá. Wọ́n mú Jrue Holiday, ògidì gáàdì, wá. Nígbà tí eré bá le, Holiday tàbí Khris Middleton ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, Antetokounmpo a sì lọ dínà fún wọn kó tó yí sí abẹ́ àwọ̀n. Ìgànná kò ṣeé tò mọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ apá ibi tí yóò gbà wọlé. Ní àṣekágbá ọdún 2021 pẹ̀lú Phoenix Suns, nígbà tí eré karùn-ún kù díẹ̀ kó parí, Holiday já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Devin Booker, ó sáré, ó sì jù ú sókè, Antetokounmpo gbà á lójú òfuurufú ó sì rọ́ ọ sínú àwọ̀n. Ní eré kẹfà, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, àmì 50 ló kó jọ. Nínú bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 19 tó jù, 17 wọlé, òun tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ alátakò ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá sí létí káàkiri nígbàkigbà tó bá fẹ́ jù ú. Milwaukee gba ife-ẹ̀yẹ náà lọ́jọ́ yẹn, èyí tí wọn kò tíì gbà mọ́ láti ọdún 1971.

Bí a ṣe ń tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa kò ṣòro láti rí. Ọmọ ọdún 13 kan ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á ní kó lọ dúró sábẹ́ àwọ̀n. Bó bá lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, olùkọ́ á fọn fèrè: «Gbé e fún gáàdì!» Èmi náà ti fọn irú fèrè yẹn rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ga ní 13 lè má ga jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, a sì ti ba iṣẹ́ gáàdì jẹ́ fún un. Ọmọ kúkurú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ́ Pippen ọ̀la. Títí ọmọ yóò fi tó ọdún 16, kí gbogbo wọn máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí bọ́ọ̀lù má sì ga ju orúnkún lọ.

Eré ìdánrawò kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ mú ẹni mẹ́fà, mẹ́ta sí mẹ́ta. Olùkọ́ á ju bọ́ọ̀lù lu irin kó ta padà. Ẹni tó bá fò gbà á ni yóò gbé e kọjá ìlà àárín. Kò gbọdọ̀ fi í fún ẹnikẹ́ni kó tó débẹ̀. Bó bá ti kọjá, ìṣẹ́jú àáyá 6 ló kù fún wọn láti jù ú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù á máa bọ́ sọnù, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin sí mẹ́ta láti agbègbè ìlà bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, bíi ti Green, kí ẹni gíga máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ẹ sì ní kó pe orúkọ ẹni tó fẹ́ fún kó tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń pe orúkọ kan tó sì ń gbé e fún ẹlòmíràn kò tíì ríran. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lásán.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ wá fídíò eré kẹfà àṣekágbá ọdún 2021, kí ẹ wo ìpín kẹrin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pín ìwé yín sí méjì. Ní apá òsì, ní gbogbo ìgbà tí Milwaukee bá ní bọ́ọ̀lù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e kọjá ìlà àárín. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi í sílẹ̀ kẹ́yìn kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jù ú. Bó bá jẹ́ pé ẹni kan náà ló gbé e bọ̀ tó sì jù ú, ẹ fi àmì sí i. Ẹ ka iye ìgbà tí orúkọ Antetokounmpo wà ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ìwé náà wá sí kíláàsì.